Bí a ṣe lè yan rìsífà fíìmù tí yóò kọ orin dáadáa lórí baffle méjì

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, pálọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ẹbí ń lò. Ibẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n wà, ibẹ̀ ni a ti ń gba àlejò, ibẹ̀ náà sì ni bàbá ilé ti máa ń gbọ́ àpàlà tàbí sákárà ní ọjọ́ Àìkú nígbà tí ilé bá pa rọ́rọ́. Kò sí àyè fún ẹ̀rọ méjì níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní owó rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra rìsífà, ìyẹn ẹ̀rọ tí àwọn tó ń tà á níhìn-ín ń pè ní ampli home cinéma, ń wá ẹ̀rọ kan tí yóò ṣe iṣẹ́ méjì: kí ó pín ohùn fíìmù yí yàrá ká, kí ó sì tún kọ orin jáde láti inú baffle méjì péré, ìyẹn àpótí tí ohùn ń gbà jáde, kí ohùn náà sì mọ́ gaara.

Iṣẹ́ méjèèjì yìí kò rí bákan náà rárá. Bí a bá ń wo fíìmù, ohùn ń ti iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn wá, àwòrán sì ń gba ọkàn wa débi pé àbùkù púpọ̀ lè kọjá láìjẹ́ pé a fura. Ṣùgbọ́n bí a bá pa tẹlifíṣọ̀n, tí ó wá ku àwa, olórin àti baffle méjì tó dúró níwájú wa, kò sí ibi tí àbùkù yóò sá pamọ́ sí. Láti ọdún 1931 tí Alan Blumlein, onímọ̀ ẹ̀rọ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ọgbọ́n sítẹ́rìò sílẹ̀, ohun kan náà ni ọgbọ́n yìí ń lépa: kí baffle méjì mú kí etí wa gbà pé olórin dúró láàárín wọn, pé onígángan wà ní apá òsì rẹ̀, pé oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà ní apá ọ̀tún. Nítorí èyí ni mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé orin ni kí ó fi dán rìsífà wò, kì í ṣe fíìmù. Rìsífà tó bá kọ orin dáadáa lórí baffle méjì kì í sábà já ènìyàn kulẹ̀ lórí fíìmù. Èyí tó dára fún fíìmù nìkan ni ọ̀ràn rẹ̀ kò dájú.

Mo kọ́ èyí lọ́nà tó gbà mí lówó. Rìsífà àkọ́kọ́ tí mo rà, iye tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ ni mo fi rà á: ọ̀nà ohùn méje (ọ̀nà kan fún baffle kan), wáàtì tó ju 100 lọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fíìmù inú rẹ̀ ń mi ilé tìtì. Nígbà tí mo wá fi àwo àpàlà sí i, ohùn agídìgbo àti ti gángan wọ inú ara wọn, olórin sì dà bí ẹni tó ń kọrin láti inú ìkòkò. Ó gbà mí tó oṣù kan kí n tó mọ̀ pé ohun méjì ló fà á. Baffle kékeré tí wọ́n fi kún ẹ̀rọ náà kò lágbára tó ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, rìsífà náà sì ń mú ohùn ọ̀nà méjì tó wà nínú àwo, ó ń fọ́n ọn káàkiri sínú baffle méjèèje láìjẹ́ pé mo ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Baffle ló ṣáájú

Ẹ má ṣe kọ́kọ́ lọ wo rìsífà. Baffle méjì iwájú ni kí ẹ kọ́kọ́ rò, nítorí pé inú wọn ni ohùn ti ń jáde sí etí yín, ìyàtọ̀ tó wà láàárín baffle kan àti òmíràn sì pọ̀ jìnnà ju èyí tó wà láàárín rìsífà méjì tí owó wọn súnmọ́ra lọ. Bí ẹ bá ní 400,000 fàráǹkì fún gbogbo rẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ìdajì rẹ̀, ó kéré tán, lọ sórí baffle méjì yìí. Baffle àárín, ti ẹ̀yìn àti subwoofer, ìyẹn baffle ńlá tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, lè dúró di ọdún tó ń bọ̀. Baffle méjì tó dára tó sì dá dúró fúnra rẹ̀ ṣeé wo fíìmù. Baffle márùn-ún tí kò dára kò ṣeé gbọ́ orin.

Nọ́ńbà méjì ni kí ẹ wò lára baffle. Èkíní ni bí ó ṣe ń dáhùn sí agbára: ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ bíi 86 dB, 88 dB tàbí 91 dB. Iye yìí ni ariwo tí baffle náà ń mú jáde ní mítà kan sí i nígbà tí a bá fún un ní nǹkan bíi wáàtì kan. Èkejì ni ohm, tó ń sọ bí baffle náà ṣe ń dènà iná tí rìsífà fi ń ṣiṣẹ́. Bí ohm bá ṣe kéré tó ni baffle yóò ṣe fa iná tó. Ohm 8 rọrùn fún gbogbo rìsífà, ohm 6 kì í sábà ní wàhálà, ṣùgbọ́n ohm 4 máa ń mú ọ̀pọ̀ rìsífà olówó pọ́ọ́kú gbóná títí yóò fi pa ara rẹ̀ láàárín orin. Bí ó bá jẹ́ pé baffle ohm 4 lẹ ní nílé, ẹ ka ìwé rìsífà náà kí ẹ tó san owó, kí ẹ rí i dájú pé wọ́n kọ ohm 4 síbẹ̀ ní pàtó.

Ohun tí wáàtì ń sọ, àti ohun tí kì í sọ

Wáàtì ni ẹni tó ń tajà máa ń fi ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀, òun náà ló sì ń ṣi ènìyàn lọ́nà jù. Ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kí ẹ wá ìdáhùn rẹ̀ nínú ìwé ẹ̀rọ náà. Ọ̀nà ohùn mélòó ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n wọn wáàtì yìí? Orí ohm mélòó ni? Ìró wo ni wọ́n sì lò, báwo ni ohùn náà ṣe dàrú tó? Rìsífà kan náà lè jẹ́ wáàtì 80 bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ọ̀nà méjì tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí ohm 8, láti ìró 20 Hz títí dé 20 kHz, ìyẹn láti ìró tó rẹlẹ̀ jù dé èyí tó ga jù tí etí ènìyàn lè gbọ́, tí ìdàrú ohùn kò sì ju 0.08% lọ. Kí wọ́n tún kọ wáàtì 140 sára páálí rẹ̀, nítorí pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, lórí ohm 6, ní ìró 1 kHz nìkan, tí wọ́n sì jẹ́ kí ohùn dàrú dé 10%. Irọ́ kọ́ ni nọ́ńbà kejì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè jókòó gbọ́ orin tó dàrú dé 10%. Nọ́ńbà ti ọ̀nà méjì lórí ohm 8 ni ti ẹni tó fẹ́ràn orin. Bí ẹ kò bá rí i nínú ìwé náà rárá, ẹ máa ṣọ́ra.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ìsọdipúpọ̀ tàn yín. Rìsífà tí wọ́n kọ 100 lọ́nà méje sí kì í ṣe ẹ̀rọ wáàtì 700. Tíràńsífọ́mà kan ṣoṣo ló ń bọ́ gbogbo ọ̀nà méjèèje, bí gbogbo wọn bá sì béèrè oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ìpín ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò dínkù gidigidi. Èyí kò pa fíìmù lára púpọ̀, nítorí kì í sábà sí ìgbà tí gbogbo baffle ń pariwo pọ̀. Ìdí kan tún nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ sanwó fún ọ̀nà mẹ́sàn-án tàbí mọ́kànlá bí ẹ kò bá ní lo ju márùn-ún lọ: owó tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ inú fún àwọn ọ̀nà tí ẹ kò lò ì bá ti lọ sórí tíràńsífọ́mà tó tóbi. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà wò. Nínú àwọn rìsífà tó ń lo tíràńsífọ́mà onírin, èyí tó wúwo tó kìlógíráàmù 12 sábà máa ń ní iná nínú ju èyí tí kò ju 8 lọ, ọwọ́ yín á sì mọ ìyàtọ̀ wọn kí ojú yín tó mọ̀ ọ́n.

Wáàtì mélòó wá ni ó tó? Ẹ jẹ́ kí a fi pálọ̀ wa ṣe ìṣirò. Baffle 87 dB, bí a bá fún un ní wáàtì 10, yóò fún wa ní 97 dB ní mítà kan. Bí a bá jókòó ní mítà mẹ́ta sí i, nǹkan bíi 9.5 dB yóò sọnù lọ́nà. Baffle kejì yóò dá nǹkan bíi 3 dB padà. Ó ku nǹkan bíi 90 dB, láìtíì ka ti ògiri tó ń fi kún un, ìyẹn sì ti pariwo débi pé ẹni méjì tó jókòó pọ̀ gbọ́dọ̀ gbóhùn sókè kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn. Wáàtì 10 péré ló ṣe èyí. Ìyókù wà fún ìgbà tí ìlù bá dédé bú, nítorí pé ọwọ́ kan tó bọ́ sórí ìyá ìlù lè béèrè ìlọ́po mẹ́wàá agbára fún ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti wáàtì 50 sí 100, 3 dB péré ni a rí. Láti 90 sí 100, ohun tí a rí kò tó ìdajì dB kan, kò sì sí etí tó lè dá a mọ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi 60,000 fàráǹkì kún owó rẹ̀ nítorí wáàtì mẹ́wàá.

Iná tí ẹ̀rọ náà ń lò

Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ra rìsífà tuntun. Èyí tó ti Yúróòpù wá, tí wọ́n ti lò rí, ló pọ̀ lọ́jà, àwọn mìíràn sì ń gba ẹnubodè Ìgòlò kọjá láti ọjà Alaba ní Èkó. Kò sí ohun tó burú nínú èyí. Rìsífà tó ti pé ọdún mẹ́wàá, tí ẹni tó ní i tọ́jú rẹ̀, lè dára fún orin ju tuntun olówó kékeré lọ. Ṣùgbọ́n ẹ yí i padà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Iná ti Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ fóòtì 220 ní 50 Hz. Èyí tó ti Fáransé tàbí Jámánì wá bá a mu, orí wáyà rẹ̀ náà sì bá ihò iná wa mu. Èyí tí wọ́n ṣe fún Nàìjíríà bá iná wa mu pẹ̀lú. Orí wáyà rẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nìkan lẹ ó pààrọ̀. Ti Amẹ́ríkà ń lo fóòtì 120, ti Japan ń lo 100. Mo rí ọ̀rẹ́ mi kan tó ki irú ti Amẹ́ríkà bẹ́ẹ̀ bọ iná ní alẹ́ ọjọ́ tó rà á. Èéfín ló fi dá a lóhùn, oníṣòwò náà kò sì dá owó padà. Bí ẹ bá rí 220 tàbí 230 níbẹ̀, tàbí bọ́tìnì kékeré tí a fi ń yí fóòtì padà, ẹ lè máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi í sílẹ̀. Tíràńsífọ́mà ìta lè sọ 220 di 120 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìnáwó àti ìdààmú rẹ̀ kò tọ́ sí i, rédíò inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Amẹ́ríkà sì ń fo 0.2 MHz lẹ́ẹ̀kan, tí kò fi ní bá gbogbo ilé-iṣẹ́ rédíò tiwa lórí FM.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń pa rìsífà jù ní agbègbè wa. Ẹ fi sìtábíláísà, tí àwọn mìíràn ń pè ní régulateur, sáàárín rẹ̀ àti ògiri, kí ó sì jẹ́ èyí tó lè gbé tó ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rìsífà náà. Nígbà tí iná bá lọ, ẹ yọ orí wáyà, kí ẹ sì jẹ́ kí iná tó padà dé dúró ṣinṣin fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ tó ki í bọ̀ ọ́. Ẹni tó ń lo iná oòrùn ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní abúlé Kétu gbọ́dọ̀ béèrè onduleur, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní pur sinus. Irú kejì tí owó rẹ̀ kéré máa ń mú kí tíràńsífọ́mà kùn bí oyin, ẹ ó sì máa gbọ́ ìkùn náà lábẹ́ gbogbo orin tí kò pariwo.

Ẹ̀yìn ẹ̀rọ

Nígbà tí ẹ bá ti yí rìsífà náà padà, ẹ wá ihò tí wọ́n kọ PRE OUT sí, pàápàá fún baffle méjì iwájú. Bí mo bá ní láti yan ohun kan ṣoṣo fún ẹni tó fẹ́ràn orin, òun ni n ó yàn. Ihò yìí ń mú ohùn jáde kí ó tó dé apá tó ń fún un lágbára, èyí tó túmọ̀ sí pé bí Ọlọ́run bá bùkún yín lọ́jọ́ iwájú, ẹ lè ra ampli sítẹ́rìò gidi, kí ẹ so ó mọ́ rìsífà, kí baffle méjì iwájú sì máa gba agbára láti inú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń wo fíìmù, rìsífà ni yóò máa darí. Nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ orin, ẹ lè pa rìsífà pátápátá, kí ẹ máa lo ampli náà nìkan. Kí èyí tó lè ṣeé ṣe dáadáa, ampli náà gbọ́dọ̀ ní ihò tí wọ́n kọ MAIN IN tàbí HT BYPASS sí, níbi tí bọ́tìnì ohùn rẹ̀ kò ti ní lágbára lórí ohun tó ń wọlé. Àwọn rìsífà olówó kékeré kì í sábà ní PRE OUT yàtọ̀ sí ti subwoofer, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ó sàn kí a ra rìsífà àárín tí wọ́n ti lò ju tuntun ìsàlẹ̀ lọ.

Àwọn tó jogún àwo orin lọ́wọ́ bàbá wọn, wọ́n sì pọ̀ ní Àjàṣẹ́, gbọ́dọ̀ wá ihò PHONO. Abẹ́rẹ́ tó ń lọ lórí àwo kò mú ju mílífóòtì mélòó kan jáde, ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n sì ti dínkù tí wọ́n sì gbé ohùn òkè sókè nígbà tí wọ́n ń gé àwo náà. PHONO ló ń gbé e sókè tó sì ń dá a padà sí bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá so ẹ̀rọ àwo mọ́ ihò CD lásán, orin yóò jìnnà, yóò sì tín-ín-rín bíi pé inú rédíò kékeré ló ti ń bọ̀. Rìsífà tí kò bá ní PHONO ṣeé rà, bí ẹ bá ti ro owó àpótí kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ náà mọ́ ọn.

Ní ti HDMI, ìyẹn wáyà tó ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó gba ọkàn yín jù. ARC tó dé pẹ̀lú HDMI 1.4 ní 2009 ti tó láti gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n wá sínú rìsífà pẹ̀lú wáyà kan ṣoṣo. eARC tó tẹ̀ lé HDMI 2.1 ní 2017 wúlò fún ẹni tó fẹ́ gbogbo ohùn Dolby Atmos, ìyẹn ohùn fíìmù tó tún ń ti òkè wá, láìfi nǹkan kan sílẹ̀. Rìsífà àtijọ́ tí kò ní HDMI rárá ṣì lè gba ohùn tẹlifíṣọ̀n láti inú wáyà optical, yálà ti ọ̀nà méjì tàbí Dolby Digital ti 5.1, ìyẹn ti baffle márùn-ún àti subwoofer kan. Fún orin, kò pàdánù ohunkóhun.

Nípa ibi tí orin ti ń wá: CD, tó dé ọjà ní 1982, ń ka ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, rìsífà èyíkéyìí tí ẹ bá rí lónìí sì lè sọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn di ohùn bó ṣe yẹ. Ẹ má ṣe san owó kún un nítorí pé wọ́n kọ 192 kHz tàbí 384 kHz sára rẹ̀. Ohun tó ń ba orin jẹ́ nínú ilé wa ni fáìlì tí wọ́n ti fún pọ̀ tí wọ́n sì ti pín láti fóònù dé fóònù, tí Bluetooth tún wá fún un pọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí rìsífà tó lè tún un ṣe. Ẹ wá èyí tó ní ihò USB tó ń ka FLAC, ìyẹn irú fáìlì tí kì í gé nǹkan kan kúrò lára orin, kí ẹ da orin inú CD yín sí i bó ṣe wà.

Bọ́tìnì tó ń gba orin là

Gbogbo rìsífà fíìmù máa ń fẹ́ ran orin lọ́wọ́: yóò fi ìró gbọ̀ngàn kún un, yóò fọ́n ọn sí baffle ẹ̀yìn, yóò gbé ohùn tó rẹlẹ̀ sókè. Ẹ wá èyí tó ní ìlànà Direct tàbí Pure Direct. Direct ń jẹ́ kí ohùn kọjá láìjẹ́ pé ẹ̀rọ fọwọ́ kàn án. Pure Direct ń pa iná ojú ẹ̀rọ àti apá tó ń tọ́jú àwòrán pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní subwoofer gbọ́dọ̀ mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ rìsífà, Direct máa ń dá subwoofer dúró, nítorí pé iṣẹ́ pípín ohùn ìsàlẹ̀ náà wà lára ohun tí ó ń pa. Bí baffle iwájú yín bá kéré, ìlànà Stereo lásán ló dára jù: ẹ sọ fún rìsífà pé baffle náà jẹ́ Small, kí ẹ sì gbé ààlà rẹ̀ sí 80 Hz, kí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ máa lọ sínú subwoofer.

Púpọ̀ nínú àwọn rìsífà tún ń wá pẹ̀lú gbohùngbohùn kékeré tí a ń gbé síbi tí a ń jókòó, kí ẹ̀rọ lè gbọ́ yàrá wa kí ó sì tún ohùn rẹ̀ ṣe. Audyssey ni ti Denon àti Marantz, YPAO ni ti Yamaha, MCACC ni ti Pioneer, Dirac Live sì wà nínú àwọn kan lára ti Onkyo, NAD àti Arcam. Ó ń ṣiṣẹ́ gidi lórí ohùn ìsàlẹ̀, níbi tí yàrá ti ń ba orin jẹ́ jù. Lókè ohùn ìsàlẹ̀, nígbà mìíràn ó máa ń gba adùn lẹ́nu olórin. Ẹ fetí sí orin kan náà pẹ̀lú rẹ̀ àti láìsí i; bí ẹ̀rọ yín bá gbà yín láyè láti fi àtúnṣe náà mọ sí ìsàlẹ̀ 300 Hz tàbí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Àtúnṣe tó ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ kò sí nínú ẹ̀rọ. Ògiri símẹ́ńtì àti ilẹ̀ táìsì pálọ̀ wa ń da ohùn padà. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín yàrá náà: bí ẹ bá gbọ́ tí àtẹ́wọ́ náà ń dún tẹ̀ lé ara rẹ̀ bí irin, bẹ́ẹ̀ ni gángan yóò ṣe máa dún. Ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sáàárín yín àti baffle, ẹ fi kọ́tìnì tó nípọn sójú fèrèsé, ẹ jẹ́ kí àga onífóòmù wà níbẹ̀. Ẹ gbé baffle méjèèjì kúrò lára ògiri, kí àárín wọn tó mítà méjì sí méjì àbọ̀, kí ibi tí ẹ ń jókòó sí sì jìnnà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan bákan náà. Wáyà bàbà tí a fi ń so baffle mọ́ rìsífà, bí ó bá nípọn tó 2.5 mm², ti tó. Ẹ fi ọ̀bẹ ha á wò, nítorí pé aluminiọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò pọ̀ lọ́jà, funfun ni inú rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò

Ẹ mú àwo tiyín lọ, èyí tí ẹ ti gbọ́ títí tí ẹ fi mọ ibi tí onílù ti ń mí. Ẹ ní kí wọ́n so baffle méjì péré, kí ẹ sì wo ojú ẹ̀rọ náà: Stereo tàbí Direct ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kì í ṣe Dolby Surround, kì í sì í ṣe All Channel Stereo, tí wọ́n ń fọ́n ohùn sí gbogbo baffle. Ẹ jẹ́ kí ohùn rẹlẹ̀ ní àkọ́kọ́. Oníṣòwò yóò fẹ́ gbé e sókè, nítorí pé ohun tó bá pariwo ló máa ń dùn ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó ní sùúrù. Ní ohùn tó rẹlẹ̀, ṣé ẹ ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí olórin ń sọ? Ṣé àárín gan-an ni ohùn rẹ̀ ti ń wá? Bí ó bá ń wá láti ibi gbogbo tí ohùn ìsàlẹ̀ sì dínkù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti so wáyà baffle kan ní òdìkejì, pupa sí dúdú. Ẹ ní kí wọ́n tún un so kí ẹ tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbọ́ ìlù. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìlù ní Àjàrá mọ̀ pé a máa ń gbọ́ ọwọ́ lórí awọ kí a tó gbọ́ igi tó ń dáhùn, ẹni tó sì ti dúró níbi ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lóru ní Kétu mọ bí ohùn ènìyàn ṣe ń rí nígbà tí kò sí ògiri kankan tó dì í mú. Ohun méjì yìí ni kí ẹ wá nínú ẹ̀rọ náà. Bí ọwọ́ àti igi bá di ohun kan ṣoṣo, rìsífà tàbí baffle kan kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ọ̀kan nínú wọn kí ẹ lè mọ èyí tó jẹ́.

Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti lò rí, ẹ jẹ́ kí ó kọrin fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó san owó, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan orí rẹ̀. Gbígbóná kò burú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jó ọwọ́, kò sì gbọdọ̀ pa ara rẹ̀. Ẹ yí bọ́tìnì ohùn lọ sókè sódò láti gbọ́ bóyá ó ń fọ́, ẹ dán gbogbo ihò HDMI wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé apá yẹn ló máa ń kọ́kọ́ kú, kí ẹ sì béèrè rìmóòtù àti gbohùngbohùn rẹ̀.

Nílé, ẹ fi àyè tó tó sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ má sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì. Eruku ọyẹ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ọ̀rinrin ọ̀sà ní Àjàṣẹ́ kì í jẹ́ kí ó pẹ́, aáyán àti ọmọńlé sì fẹ́ràn ooru inú rẹ̀. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá ihò orí rẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó nígbà tí ó bá ti tutù tán. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wà ní ipò, ẹ lo bọ́tìnì tí Yamaha ń pè ní SCENE, tí Denon ń pè ní Quick Select: ẹ fi ìlànà fíìmù, pẹ̀lú gbogbo baffle, sórí ìkíní, kí ẹ sì fi Stereo tàbí Direct, pẹ̀lú CD tàbí ẹ̀rọ àwo, sórí ìkejì. Àwọn ọmọ yóò máa tẹ ìkíní bí wọ́n bá fẹ́ wo fíìmù, bàbá yóò sì tẹ ìkejì ní ọjọ́ Àìkú láìpe ẹnikẹ́ni kí ó wá bá òun tún un ṣe.